Fìlà Yín Ni Màmá Mú Lọ Gba Abẹ́rẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí àárò yín ń sọ mí,

Ó rẹ̀ mí. N kò ní fi pamọ́ fún yín. Láti ìgbà tí ikọ́ burúkú yẹn ti mú yín lọ, ọ̀rọ̀ àrùn kòrónà kò kúrò nílẹ̀ ní Òkìtìpupa yìí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wá dé báyìí. Ẹ ò dúró dè é, Bàbá. Kí ló ń lé yín?

Àríyànjiyàn rẹ̀ ì bá dùn mọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá rédíò jà bíi pé ẹni inú rẹ̀ ń gbọ́. Wọ́n ń jà lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jà lórí rẹ̀ níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, kódà ní yàrá àwa olùkọ́, a kì í jókòó jẹun mọ́ kí ẹnì kan má bínú dìde. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà á kò ní bímọ mọ́. Wọ́n ní ọdún méjì péré ló kù fún un láyé. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, mo dákẹ́, mo ń jẹ gúgúrú mi.

Ti Màmá nìkan ni n kò lè dákẹ́ sí. Ẹ mọ bí ìtọ̀ ṣúgà ṣe ń bá wọn fínra, irú wọn gan-an ni àrùn yìí máa ń tètè mú lọ. Mo ti sin ẹnì kan, Bàbá. N kò lágbára àtisin èkejì.

Àwọn nọ́ọ̀sì wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fẹ́ lò kí wọ́n tó kọjá sí Àjàgbà. Ilé yín síbẹ̀ kò tó ibi tí ènìyàn ń wọ bàtà lọ. Ṣùgbọ́n Màmá ń ṣe opó yín. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé, wọn kò sì gbọdọ̀ jáde. Ìyá Àyèká, ẹ̀gbọ́n yín, tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì nasẹ̀ dí i. Nígbà tí mo ní kí nọ́ọ̀sì wá bá wa nílé, àbúrò yín, Bàbá Àjàgbà, ló dá a padà. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ wọ ilé ẹ̀gbọ́n àwọn, àwọn àti onítọ̀hún ni. Inú bí mi, mo sunkún ní kíṣìnì. Ṣùgbọ́n n kò lè pè wọ́n ní ènìyàn burúkú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé yín lọ, òkú yín ni wọ́n gbé bọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Màmá fúnra wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ní àwọn kò ní dójú tì yín láàárín ẹbí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì máa lọ, mo gbé púpurú àti ọbẹ̀ lọ fún Màmá, ojú mi sì ṣèèṣì bọ́ sí fìlà kọ́dúrọ́ì yín lórí ìṣó. Ṣé ẹ rántí? Kí fóònù tó dé, fìlà yẹn ni ẹ máa ń ṣí lórí tí ẹ ó fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹ bá fẹ́ rán mi sí Àyèká. Ẹni tó bá ti rí i ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán mi, kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Ìyá Àyèká á ti máa di igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ fẹ́ gbìn kí n tó lanu. Àṣẹ kan ṣoṣo lẹ máa ń pa: fìlà kò gbọdọ̀ padà sórí ìṣó bí iṣẹ́ kò bá tíì parí. Ọjọ́ tí mo gbé ààbọ̀ ẹrù dé, ẹ ò tilẹ̀ gba fìlà lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà Àyèká lẹ nawọ́ sí.

A kò tíì pín ẹrù yín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀. Mo mú fìlà náà, mo kúnlẹ̀, mo fi lé Màmá lọ́wọ́, mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́.

Bàbá Àjàgbà dìde, wọ́n kọjú sí ògiri. Ìyá Àyèká wo fìlà yẹn, wọ́n wò ó títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá ká ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́nà, wọ́n ní ta ni yóò kọ iṣẹ́ àbúrò àwọn.

Bí Màmá ṣe jáde nìyẹn, tàwọn ti aṣọ dúdú wọn, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di fìlà mọ́ àyà. Oòrùn ń wọ̀ wọ́n lójú. N kò mọ̀ pé wọ́n ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé mo purọ́ mọ́ yín, Bàbá? Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ ò rán mi níṣẹ́ kankan. Àbí ẹ rán mi? Ẹ̀yin lẹ máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ gba abẹ́rẹ́ ní kékeré, tí ẹ ó di mí mú, tí ẹ̀yin fúnra yín ó wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ má baà rí i. Bàbá Àjàgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa yọ́nú sí mi, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa bẹ̀bẹ̀.

Lánàá, oṣù mẹ́ta pé, wọ́n pín ẹrù yín. Nígbà tí wọ́n dé orí fìlà, ìṣó ṣófo. Abẹ́ ìrọ̀rí Màmá ló wà. Màmá kọ̀, wọn ò mú un wá. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ò tíì jíṣẹ́ yín tán.

Ẹ sinmi, Bàbá. Bí a bá ti parí ẹ̀, màá fi fìlà kọ́ síbi tí ẹ máa ń fi kọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń rán sí Àyèká.