Òwú Pupa Lẹ́nu Àpò: Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Fàsásì Àjàlá, Alábòójútó Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn

Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣòwò Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn,
Ìkòròdú òun Ẹ̀pẹ́.
Oṣù Kẹsàn-án, 1957.

Sí ìyá wa, Mùlíkátù Àjàlá, àti gbogbo ìdílé, ní Ìkòròdú.

Pẹ̀lú ọkàn tí ìbànújẹ́ tẹ̀ ba ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ fi ń sọ pé a kú ara fẹ́ra kù bàbá wa Fàsásì Àjàlá, ọkọ yín, tí ó ń yẹ oúnjẹ ajá àti ti adìẹ wò fún wa kí a tó tà á.

Lọ́dún tí àwọn ajá ọdẹ ń kú ní Ìkòròdú, kálukú ń nàka sí ọ̀tá rẹ̀ pé ó fún ajá òun ní májèlé. Ohun tí ó rú gbogbo wa lójú ni pé ọwọ́ olùtajà kan náà ni wọ́n ti ra oúnjẹ. Ajá ti èyí kú, ti ìyẹn ṣì ń gbó. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́, ó jókòó sáàárín àpò, ó ń wò. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni omi ọ̀sà ń rin. Bí a bá sì gúnlẹ̀, a ó sá èérí àgbàdo àti ẹja lílọ̀ inú wọn sóòrùn, a ó tún wọn dì, a ó tà wọ́n. Gbogbo wa là ń ṣe é. A kò mọ̀ pé oúnjẹ náà ti bu kí oòrùn tó kàn án.

Bàbá wá ṣe òfin tí ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè kà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi abẹ́rẹ́ rán òwú sẹ́nu àpò. Òwú pupa lẹ́nu àpò: ẹja wà níbẹ̀. Òwú dúdú: èérí nìkan ni. Bí a bá dì í ní oṣù kẹta, kókó mẹ́ta ni a ó ta sí òwú náà. Àpò tí omi bá kàn kò gbọdọ̀ rí òwú rárá, a kò sì gbọdọ̀ ta àpò tí kò ní òwú. Títí di òní, ó ń yà wá lẹ́nu pé òwú lásán lè sọ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó jù ú lọ ṣẹlẹ̀ ní èbúté, lójú yín, ìyá wa. Lọ́jọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, àpò tí ẹ̀yin, oníṣòwò bíi tiwa, kó bọ̀ láti Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ó kọ́kọ́ tú, omi sì ti kàn án. Ó ní kí a dáná sun ún, nítorí bí a bá rì í mọ́lẹ̀, ajá yóò hú u. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín fi í ṣẹ̀fẹ̀: “Bàbá Tàwà, kí lẹ máa jẹ lálẹ́ òní o?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ajá kò lè sọ pé inú ń run òun. Àwa la máa bá a sọ ọ́.” Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ṣáná sí i. Kò sí ẹni tí ó tún bá bàbá jiyàn mọ́.

Láti ìgbà tí a ti sìnkú rẹ̀, àwọn àpò wà ní èbúté láìní òwú. Àwọn kan dábàá pé kí olúkúlùkù máa rán tirẹ̀; ìpàdé kọ̀ ọ́. A fohùn ṣọ̀kan pé ẹ̀yin ni abẹ́rẹ́ bàbá tọ́ sí, bí ẹ bá gbà á. Bí opó ṣíṣe kò bá jẹ́ kí ẹ jáde, a ó máa gbé àwọn àpò wá bá yín nílé. Owó ẹ̀kọ́ Tàwàkálítù, ọmọ yín, ti di ti ẹgbẹ́ láti san.

Kí Ọlọ́run Ọba, tí ń gbọ́ ti ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀, gbọ́ ẹkún yín, kí ó tù yín nínú, kí ó sì fi Àlùjánnà ṣe ilé fún bàbá wa. Àmín.

Adéyọ̀sí Olúsànyà,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.