Ìrìnàjò Guangzhou Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ọ

Stone Mountain, Georgia.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, 2025.

Oyèrónkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí Bọ̀dá Oyèkànmí ọkọ rẹ lórí ibùsùn. Mo ní ìrètí pé ẹ ti ń rí oorun sùn díẹ̀, pé oúnjẹ sì ti ń lọ lẹ́nu wọn. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò le. Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo ń kọ, nígbà tí Grayson tí ẹ ń gbé kò ju ìdajì wákàtí lọ bí mo bá wọ mọ́tò. Bí mo bá pè ọ́, tí mo gbọ́ ohùn rẹ, màá tún purọ́ ni.

Mi ò lọ sí Houston lọ́dọ̀ Evelyn ọmọ mi bí mo ṣe sọ fún ọ. Guangzhou ni mo lọ, ní ilẹ̀ Ṣáínà, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Evelyn kò fojú kàn mí láti oṣù kẹfà. Mo lọ wo aṣọ tí mo fẹ́ máa fi rán scrubs fún àwa nọ́ọ̀sì, kí n lè fi night shift sílẹ̀ kí n tó pé ọgọ́ta ọdún. O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é: ẹni tó ń rìnrìnàjò kì í sọ, ìgbà tó bá dé ni à ń gbọ́ pé ó lọ. Ìyá mi kò sọ fún bàbá mi gan-an lọ́jọ́ tó máa wọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ìjọ ló bá mi gbàdúrà sí i, kò sì pé oṣù mẹ́ta tí mo fi kó ẹrù mi jáde. Mo wá pinnu pé ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, afẹ́fẹ́ pàápàá kò ní gbọ́. Mo pa láìnì Atlanta mi, kí ẹni tó bá pè mí má baà gbọ́ bí fóònù òkèèrè ṣe ń dún. WhatsApp kì í sì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Oyèrónkẹ́, ọjà wọn yẹn kì í ṣe irú ọjà tí a mọ̀. Ilé alájà mẹ́fà ni, aṣọ àti ohun èlò aṣọ nìkan ló kún inú rẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bọ́tìnnì nìkan ló ń tà, kò fi òwú kún un, kò fi abẹ́rẹ́ kún un, èrò kò sì tán níwájú rẹ̀. Òmíràn sùn gbalaja sórí aṣọ, ó ń hanrun, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ kan jẹ ìrẹsì, ó ń fi ọwọ́ kejì tajà. Ọ̀kadà tí kì í pariwo ni wọ́n fi ń kó ẹrù. Ó máa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọ kí o tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bí o bá béèrè iye, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, wọ́n á nà án sí ọ. Ìwọ náà á tẹ tìrẹ, o á nà án padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ná ọjà láìfọhùn, bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń bára wọn yodì.

Mo ra ọsàn lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo nàka sí ẹyọ kan, mo rẹ́rìn-ín sí i pé kó fi ṣe èènì fún mi. Ìyá gbé ẹyọ kan yẹn lé òṣùwọ̀n, ó fi iye rẹ̀ hàn mí! Mo rẹ́rìn-ín dé hòtẹ́ẹ̀lì. Kò sì sí àpò owó lára rẹ̀ o. Àwòrán onígun mẹ́rin kan, dúdú àti funfun, ló so mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, fóònù ni gbogbo èrò ń nà sí i láti sanwó. Mo fún ẹlòmíràn lówó bébà, ó mi orí, ó ní kò sí ṣéńjì. Èmi rò pé Ìbàdàn nìkan ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, fóònù mi kọ̀, kò sanwó mọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo ni káàdì báǹkì tí mo so mọ́ ọn lóòótọ́, pé kóòdù yóò wọlé sórí nọ́ńbà Atlanta mi, èyí tí mo ti pa. Mo wà níwájú ilé oúnjẹ kékeré kan. Mo ti bu búrẹ́dì funfun tí wọ́n fi ooru sè jẹ, èrò ti tò sẹ́yìn mi, mi ò lè sanwó, mi ò sì gbọ́ èdè tí mo lè fi bẹ̀bẹ̀. Èmi tí mò ń fún odidi wọ́ọ̀dù lóògùn, mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó sọnù. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi kàn na fóònù tirẹ̀ láti san tèmi, ó dún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mi ò ráyè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá ibì kan jókòó, mo ṣí láìnì Atlanta.

Kóòdù wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, mọ́kànlá. O ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bọ̀dá méjì ti dúdú, o ya àwòrán rẹ̀. O ní dókítà fẹ́ gé wọn lọ́jọ́ náà gan-an, àmọ́ Bọ̀dá kọ̀, wọ́n ní, "Tí Tóyìn ò bá tíì sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa gé nǹkan kan lára mi." Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ fún wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ṣúgà wọn ga, pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ohunkóhun ní ọsibítù láìjẹ́ pé mo gbọ́ sí i. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni mò ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn, tí mò ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. O ní, "Tóyìn, please, Houston ò jìnnà. Ṣáà pè mí, kó o sọ yes tàbí no." Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi dúró dè mí. Èyí tó kẹ́yìn kò gùn: "Ó ti gun òkè. Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n máa gé e. Mo ti sign."

Mo pè ọ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ òtítọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo ní Evelyn ló dùbúlẹ̀ àìsàn, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà ní ọsibítù láti ọjọ́ mẹ́ta, pé wọn ò jẹ́ kí n tan fóònù. Mo fi ẹnu ara mi gbé àìsàn lé ọmọ mi lórí. Ìwọ tí ọkọ rẹ wà lábẹ́ ọ̀bẹ lọ́wọ́ wá ń bẹ̀ mí: "Ah, má bínú jàre, mi ò mọ̀ o. Dúró ti ọmọ ẹ. God will heal her." Joanna tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé o gbààwẹ̀ fún Evelyn, pé orúkọ rẹ̀ lo kọ́kọ́ pè kí o tó pe ti Bọ̀dá. Láti ọjọ́ yẹn, omi kò dùn lẹ́nu mi.

Ó di ọjọ́ kẹjọ òní tí mo ti dé. Ẹrù aṣọ wà nínú garage, mi ò tíì tú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wa mọ́tò dé ẹnu àdúgbò yín, tí mo yí padà. Mo wo àwòrán ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn léraléra, mo sì mọ ohun tí ǹ bá sọ: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e lónìí." Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ìka méjì ni ì bá lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò lè gbé tèmi di ogún ọjọ́. Mo ní mò ń sá fún ẹnu ayé. Oyèrónkẹ́, ìwọ ni mo sá fún.

Màá ju lẹ́tà yìí sínú àpótí lẹ́tà yín lọ́sàn-án òní. Ní Sátidé, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, màá wà nínú mọ́tò mi níwájú ilé yín. Mi ò ní tẹ bẹ́ẹ̀lì. Bí o bá ṣílẹ̀kùn, màá wọlé, màá sì fẹnu ara mi sọ fún Bọ̀dá, kí wọ́n wí ohun tó bá wù wọ́n. Bí o kò bá ṣí i, màá dúró di agogo méjìlá, màá sì máa lọ. Mi ò bẹ̀ ọ́ nínú ìwé yìí. O máa ń tètè dárí jini, mi ò sì fẹ́ fi ìyẹn rẹ́ ọ jẹ.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú. Kí egbò Bọ̀dá jinná pátápátá, kí wọ́n tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lójú wa. Kí irú èyí má tún kan ilẹ̀kùn yín mọ́.

Èmi tí mo ti ń jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ láti ọdún mọ́kàndínlógún,

Olútóyìn.

Àfikún: Èyí kò lè dúró di Sátidé, ì báà jẹ́ pé o máa ṣílẹ̀kùn tàbí o kò ní ṣí i. Má jẹ́ kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ orúnkún Bọ̀dá, bó ti wù kí wọ́n sọ pé ó ń tu àwọn lára tó. Orúnkún náà á ká, kò ní nà mọ́, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò sì ní ṣeé wọ̀. Lọ yọ ọ́ kí o tó bínú sí mi.