Òṣùpá Wo Gan-an La Fi Ń Gbààwẹ̀?

Agbo-ilé Ọlọ́mọ,
Òkè-Àpáta.

Àṣàkẹ́ mi, Zulfah ọmọ Yẹ̀kínì,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ níbi tí ìwé yìí bá ti bá ọ, ìbáà jẹ́ nílé ní Ajégúnlẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú yàrá yìnyín tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Liverpool Road. Mo kí ọ kú ọyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Mo kí Afọlábí ọkọ rẹ, mo kí Tinú ọmọ yín tí n kò tíì rí àfi nínú fóònù, mo kí Ebube tó ń gbé yàrá kejì yín, ẹni tó máa ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ tí á fi èdè wọn bi mí bí ara mi ṣe rí, tí èmi náà á fi Yorùbá dá a lóhùn pé ara kò fi bẹ́ẹ̀ le, kò gbọ́ mi, n kò gbọ́ ọ, àwa méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ríjà omi, kò ní jẹ́ kí ẹ ríjà iná, kò sì ní jẹ́ kí tírélà ṣubú lù yín. Àmín.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé káàdì tí mo bá rà kì í ju ìkíni lọ. Bí mo bá ti kí ọ, tí mo kí ọkọ, tí mo kí ọmọ, obìnrin inú fóònù yẹn á ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kò sì jẹ́ kí n kí òun náà rí. Báyọ̀ tó ń fi tírélà kó kajú lọ sí Wharf Road ló máa mú ìwé yìí wá. Ó ní òun lè sùn sójú títì níbẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí òun wọlé, nítorí náà bó bá pẹ́, má bínú sí i.

Ilé dára díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Ẹ̀yìn ń ro Sàfíátù ìyá rẹ. Ojú mi wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, tàbí kí n sọ òtítọ́, ó ti ṣú sí i. Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá dé. Ọmọ oníP.O.S. ní kí n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, n kò rí bọ́tìnnì náà, ni gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà bá bá mi pe nọ́ńbà náà ketekete, wọ́n sì bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ dáadáa ni gbogbo wọn. N kò tíì mọ ohun tí wọ́n fi ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Mo gbọ́ lórí rédíò láti Ìbàdàn pé òṣùpá kì í ṣe ẹyọ kan. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà kì í pariwo, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní àwọn ayé mìíràn wà tí wọ́n ń yí oòrùn po bíi tiwa, pé èyí tó tóbi jù nínú wọn, Júpítà, ní òṣùpá tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, Sátọ̀n tó tẹ̀ lé e sì ní tirẹ̀ tó lé ní àádọ́rin-lé-nígba. Mo gbé rédíò sún mọ́ etí. Ó ní ọ̀kan wà lára àwọn òṣùpá Júpítà tó ń jẹ́ Yúrópà, yìnyín bò ó mọ́lẹ̀ yíká, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ gbà pé òkun wà lábẹ́ yìnyín náà, omi rẹ̀ sì lè ju ti gbogbo òkun ayé yìí lọ. Òmíràn, Ẹnsẹ́ládọ̀ọ̀sì, lọ́dọ̀ Sátọ̀n, ń tu omi sókè láti abẹ́ yìnyín tirẹ̀ bíi páìpù tó bẹ́. Táítánì náà wà níbẹ̀, òjò tirẹ̀ kì í ṣe omi, ohun tó jọ gáàsì ìdáná ló ń rọ̀, tó sì ń di adágún. Ìyá rẹ ní kí n má sọ èyí sétí àwọn onítáńkà tí o ní wọ́n máa ń tò sójú ọ̀nà yín, kí wọ́n má baà lọ tò síbẹ̀ náà.

Ohun tó ká àwọn onímọ̀ lára ni bóyá nǹkan ẹlẹ́mìí lè gbé níbẹ̀. Ó ní ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá: omi, ooru díẹ̀ láti inú, àti ohun tí ẹlẹ́mìí lè jẹ. Àṣàkẹ́, ohun mẹ́ta yìí náà ni ìyá rẹ bi mí lọ́jọ́ tí o ní o ń lọ gbé Ajégúnlẹ̀. Mo dá a lóhùn pé omi wà. N kò mọ̀ pé inú yàrá ló ń wọ̀ lásìkò òjò. Nítorí náà, n kò bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jiyàn. Bí ẹ bá lè wà nínú omi yẹn kí ẹ sì máa bímọ, bí àwọn èèyàn bá lè kọ́lé sí erékùṣù òdìkejì odò yín tí wọ́n ń pè ní ti Ejò, kí ló dé tí nǹkan kò fi ní lè gbé abẹ́ yìnyín? Mo tilẹ̀ fẹ́ bi ọ́, àwọn ẹja tó gan bí igi tí ẹ ń tò sí yàrá yìnyín yín, tí o ní ọkọ̀ ojú omi ló ń kó wọn dé láti ibi tí o kò mọ̀, ṣé o ti bi àwọn ọ̀gá rẹ dáadáa? Bá mi bi wọ́n.

O mọ̀ pé láti kékeré rẹ ni mọ́sálásí Òkè tiwa àti mọ́sálásí Ìsàlẹ̀ kì í ti í bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwa á ní oṣù ti lé, wọ́n á ní irọ́ ni, kùrukùru la rí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ń gbààwẹ̀, àbúrò ń jẹun lójú rẹ̀ nínú agbo-ilé kan náà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi igi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rédíò yìí, mo ní Ọlọ́run ti bá wa parí ìjà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, tí Lemọ́ọ̀mù pe àwọn àgbà ìhà méjèèjì jọ nítorí àwẹ̀ tó ń bọ̀, mo dìde. Mo ní kò sí ẹni tó parọ́ nínú wa. Mo ní òṣùpá tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló wà lójú ọ̀run, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan la máa ń rí ní Òkè nígbà tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ ń dúró de òmíràn. Mo ní kí a jókòó, kí a yan ẹyọ kan, kí gbogbo ìlú máa bá a gbààwẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti mọ mọ́sálásí, n kò rí i kí ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan tó ọjọ́ yẹn. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín ni. Ẹnì kan ní kí n bá wọn yan èyí tí oṣù rẹ̀ ń tètè parí, kí a lè gba àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ síbi ọdún. Òmíràn ní bóyá lọ́dọ̀ Júpítà ni mo ti rí oṣù tí mo kéde lọ́dún tó kọjá. Lemọ́ọ̀mù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá Zulfah, ẹyọ kan tó ń yí ayé wa po yìí ni Ànábì ní kí a máa wò, àwọn tó kù jìnnà, ojú lásán kò tó wọn. Mo jókòó. Ojú tèmi kò tó èyí tó sún mọ́ pàápàá mọ́, gbogbo wọn ló sì mọ̀.

Ibẹ̀ ni Hussein, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìsàlẹ̀, ti dìde, ó ní kò sí ìdí tí a ó fi tún máa rán arúgbó gun àpáta lọ wo oṣù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ṣáájú àwẹ̀. Ó ní fóònù òun mọ ibi tí oṣù wà. Mo ní kó fi hàn mí. Ó gbé e sókè, ó gbé e yípo, nígbà tó yá ó kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀ mọ́sálásí, ó ní ibẹ̀ ni oṣù wà báyìí. Mo ní lábẹ́ ẹní? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọmọ tó ń rí oṣù lábẹ́ ẹní ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò mi.

Lemọ́ọ̀mù ní òun kò ní gba àpáta lọ́wọ́ mi lójijì. Ó ní kí ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ dúró tì mí, kó jẹ́ ọmọ bíbí inú mi, kí a jọ wò ó, kí a jọ jẹ́rìí. Bí kò bá sí, Hussein ni yóò lọ. Ìwọ nìkan sì ni ọmọ bíbí inú mi. Ní kékeré rẹ, èjìká mi lo máa ń wà tí o fi ń nawọ́ sí oṣù kí àwọn àgbà tó rí i, àwọn ará Ìsàlẹ̀ pàápàá kì í jiyàn lọ́dún tí o bá ti nawọ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní àwọn ará Amẹ́ríkà ti rán ẹ̀rọ kan lọ sí Yúrópà. Yóò lo ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ lójú ọ̀nà, kò sì ní balẹ̀, yóò kàn máa kọjá lẹ́bàá rẹ̀ láti wò bóyá ibẹ̀ ṣeé gbé. Ìyá rẹ tó ń bó ẹ̀gúsí bi mí pé, gbogbo ọ̀nà yẹn, láti lọ yọjú sí ẹni tí wọn kò mọ̀ bóyá ó wà ńlé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ díẹ̀, ó wá ní bí wọ́n bá bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí wọ́n bá òun bi í bóyá àwọn ọmọ tiwọn máa ń wálé. Tinú ti hu eyín, ó ti rìn, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

N kò bá ọ jà, ó ti rẹ̀ mí jù fún ìjà. Mo mọ̀ pé bí o kò bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn á ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ. Ohun tí mo ń tọrọ ni òkúta rédíò mẹ́rin, nítorí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, àti owó ṣúgà, àti owó ìrẹsì díẹ̀ fún sààrì. Bí owó náà kò bá tó, yọ ṣúgà kúrò, yọ ìrẹsì kúrò, yọ òkúta rédíò pàápàá, kí o fi gbogbo rẹ̀ wọkọ̀ wálé. Bá mi tọrọ àyè lọ́wọ́ Afọlábí. Gbé Tinú dání, èjìká mi ṣì gba ọmọ. Bí ìrun Àsárì ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n náà bá ti parí, ìdí àpáta ni n ó wà. N ó dúró díẹ̀ kí n tó sọ fún Hussein pé kó máa gùn ún.

Ọlọ́run tó mọ iye òṣùpá rẹ̀, tí kò sọ ọ̀kan nù, kò ní sọ ìwọ àti ìdílé rẹ nù sí Ajégúnlẹ̀. Yóò fi ooru sí ọ lára nínú yìnyín. Yóò jẹ́ kí ojú rẹ pẹ́ lára rẹ ju tèmi lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì tó ń wo oṣù.