Ìparí Tí Kò Sí Nínú Ìwé

                                        Ojúlé kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Aránṣọ,
                                        Lẹ́yìn ilé-ẹjọ́ àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi, ìkejì mi,

Kí o tó ka ìlà kejì, jọ̀wọ́, fún ọmọ tó mú lẹ́tà yìí wá ní ìjókòó àti omi tútù. Màá sọ ẹni tó jẹ́ fún ọ bí mo bá dé ibẹ̀. Mo mọ̀ ọ́; ilé ì báà máa jó, o kì í gbójú sókè kúrò nínú lẹ́tà títí wàá fi kà á tán.

Báwo ni orúnkún rẹ? Ṣé ó ti gbà kí o máa gun àtẹ̀gùn, àbí ìsàlẹ̀ lo ṣì ń sùn? Bàbá ilé ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò jà bí ẹni pé ó lè dá wọn lóhùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ yín tó ń fi eyín tuntun gé gbogbo ènìyàn jẹ? Ní tèmi, ojú ń dùn mí díẹ̀, ikọ́ kò sì tíì rántí ọ̀nà ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n mo wà láàyè. Ìyẹn tó fún ọ̀sẹ̀ yìí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ṣé gan-an. Nígbà tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi wá obìnrin aránṣọ kan ní ìlú etíkun yín, n kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ìwọ náà kò sì bi mí. O fi orúnkún tó ń dùn ọ́ rìn láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ó tó àkókò kí n jẹ́wọ́.

O rántí iṣẹ́ tí mo gbà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, èyí tí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí: kíka ìwé ìtàn sókè fún àwọn obìnrin ní ilé-iṣẹ́ aṣọ tó wà ní òpin òpópónà wa. Iyàrá àwọn tó ń fọwọ́ ránṣọ ni mo ń jókòó sí, àwọn tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, tí wọ́n sì ń ká etí aṣọ. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Fèrèsé mẹ́ta, tábìlì gígùn kan, obìnrin mẹ́wàá, èmi lórí àpótí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló fọwọ́ sí i. Ọ̀gá Ìlọsíwájú ni àwọn obìnrin ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó sọ rí tí "ìlọsíwájú" kò sí nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dí ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé àǹfààní ìwé kíkà fún wa. Ìwé kan ṣoṣo tí mo rí ní ọ́fíìsì rẹ̀ ni kàlẹ́ńdà.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ni àwọn obìnrin yẹn ń gbà. Ìtàn obìnrin tàbí ọmọbìnrin tí ayé dojú rú fún láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n ń fẹ́: èyí tí wọ́n fẹ́ fi fún arúgbó, tó gé irun rẹ̀, tó di atukọ̀, èyí tó sá fún iná, tó sì bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn onífàyàwọ́. Nígbà kan mo gbé ìwé mìíràn wá, tí ọkùnrin kan fi ogójì ojú ewé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú wọn, gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, ọkùnrin yìí ò níṣẹ́ ni?"

"Ó ń ronú ni, Ìyá."

"Ẹ gbé e fún Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì á wọ̀."

Ìgbà tí ọmọbìnrin inú ìwé kan kú sójú ọ̀nà ni ọ̀ràn dé. Ẹkún sọ nínú iyàrá, ojú kò rí ọ̀nà mọ́, wọ́n sì rán ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù mọ́kànlá pa. Ọ̀gá bínú, ó ní ẹkún ń dí ìlọsíwájú lọ́wọ́. Látìgbà náà, bí mo bá rí i pé ìparí ìwé kò dára, màá tẹjú mọ́ ìwé, màá sì máa ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n na ọmọ olọ́mọ nítorí pé wọ́n fo ìlà! Ọmọbìnrin kankan kò kú mọ́ lẹ́nu mi. Ọkọ̀ kankan kò rì.

Ọ̀kan nínú wọn ni Tẹ́ẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí ẹnu rẹ̀ kò tẹ́ẹ́rẹ́ rárá. Opó ni, ọmọbìnrin kan ló bí. Ní ọdún tó kọjá, Ọ̀gá ra ẹ̀rọ tó ń rán bọ́tìnnì. Ó kó wa jọ, ó sọ̀rọ̀ títí, ó sì ní kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ náà, títí kan àwọn tí yóò lé lọ sílé. Tẹ́ẹ́rẹ́ nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí, ṣé ó lọ́mọ?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn mẹ́rin tí kò níṣẹ́ mọ́, tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kà.

Ìwé tí a ń kà lọ́wọ́ nígbà náà ni èyí tí ìwọ fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ti obìnrin tí odò gbé ilé rẹ̀ lọ, tó fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò, tó sì bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ gẹ́gẹ́ bí alásè. Ìwọ mọ bó ṣe parí: ó jókòó sójú fèrèsé ní ìlú àjèjì, ó ń retí ọkọ̀ tí kò gba èbúté yẹn mọ́. Wọ́n ti lé Tẹ́ẹ́rẹ́, síbẹ̀ ó padà wá gbọ́ ìparí náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, báàgì lẹ́jìká. Mo wò ó, mo sì kà á pé ọkọ̀ dé kí ọdún tó yí po, pé ọmọ náà wà lórí rẹ̀, tó ń fi ìborùn juwọ́ sí ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú yín. Ó fi ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ó ní kí ọdún tó yí po, òun á ránṣẹ́ sí i.

Lẹ́tà kan dé, kò sí ìkejì. Àdírẹ́sì mi ni ìyá náà ń lò, nítorí náà ọmọ yìí ń wá sọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́ ní àsìkò tí apínlẹ́tà máa ń kọjá. Bí apínlẹ́tà bá ti kọjá lọ, òun ló máa ń tù mí nínú. "Màmá, ẹ má dààmú. Oṣù márùn-ún ṣì kù. Nínú ìwé, ọkọ̀ dé." Ìgbà náà ni mo kọ̀wé sí ọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni èsì rẹ dé. Ọmọ náà ló gbà á, ó sì dì í mú. N kò mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ti mú ìwé yẹn lórí pẹpẹ mi, tó kà á dé ojú ewé ìkẹyìn, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ibi tí ọkọ̀ ti dé yẹn, ojú ewé wo ló wà?"

Mo yíjú wo pẹpẹ ìwé mi.

"Kò sí níbẹ̀." Ó na lẹ́tà rẹ sí mi. "Ẹ ka eléyìí sókè. Màá dúró lẹ́yìn yín."

Ó dúró lẹ́yìn àga mi, ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó sì gbé ìka lé ìlà àkọ́kọ́, bí a ti máa ń ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Mo kà á. Mo kà á pé o rí ibi tó ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Mo kà á pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀. Mo kà á pé àìsàn kọlù ú nígbà òjò. Níbẹ̀ ni ohùn mi ti yí padà. Mo gbọ́ ọ fúnra mi, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó ti wà létè mi pé ara rẹ̀ wá yá. Ìka náà kò kúrò. Ó tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi funfun. Mo wá ka ohun tí o kọ: pé ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni, pé itẹ́ òkú ìjọba ni wọ́n sin ín sí, pé àwọn tí wọ́n jọ ń fọṣọ fi báàgì rẹ̀ pamọ́.

Kò sunkún. Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin.

"Ẹ ṣé tí ẹ ò fò ó," ló wí, ó sì jáde lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìwé náà lọ sí iyàrá iṣẹ́. Àwọn mẹ́fà ló kù. Mo jẹ́wọ́, mo sì ka ìparí tó wà nínú ìwé gan-an. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kódà mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì olójú ewé méjì, èyí tí Ọ̀gá Ìlọsíwájú pàápàá ì bá jowú. Kò sẹ́ni tó dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró.

"A mọ̀," Ìyá Àgbà wí.

"Ẹ mọ kí ni, Ìyá?"

"Pé ẹ máa ń purọ́. Bí ìwé bá ti ń parí, ohùn yín á kàn máa dùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ yọjú wo inú ìwé, nígbà tí ẹ jáde lọ tọ̀. Ó ní ká má sọ fún yín, pé ẹ máa ń gbádùn ibẹ̀."

"Tẹ́ẹ́rẹ́ mọ̀ bó ṣe parí?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é tí kò ní mọ̀? Tíṣà, ṣé ẹ rò pé ìwé ló gbé e lọ? Ebi ló gbé e lọ."

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ru ẹ̀bi yẹn, ọ̀rẹ́ mi, mo sì ń rù ú bí ẹni tó dé adé. Ìyá Àgbà ṣí adé náà lórí mi láì dìde lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ wúwo jù ú lọ. Obìnrin yẹn mọ bí ìwé ṣe parí, ó sì wọ ọkọ̀. Irọ́ mi ló mú, tó fún ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlérí, torí kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi sílẹ̀ fún un. Nínú gbogbo wa, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á gbọ́.

Òun ló jókòó síwájú rẹ yẹn.

Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin ìyá òun sí, òun sì fẹ́ gba báàgì náà. Mo gbìyànjú láti dá a dúró, kò gbọ́. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kò gbé ìrìn àjò mọ́, dókítà sì ní kí n má gbé ikọ́ mi gun ojú omi. Ọ̀gá Ìlọsíwájú ránṣẹ́ pé bó bá padà dé, iṣẹ́ wà fún un: kó máa nu ẹ̀rọ tó ń rán bọ́tìnnì. N kò jíṣẹ́ náà.

Jọ̀wọ́, mú un lọ. Bí orúnkún bá ń dùn ọ́, ẹ rọra máa rìn. Ó máa bi ọ́ bóyá ìyá rẹ̀ dárúkọ òun kó tó kú. Bí àwọn afọṣọ bá ní ó dárúkọ rẹ̀, sọ fún un. Bí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe jẹ́ kí ohùn rẹ dùn. N kò mọ̀ bóyá á padà sọ́dọ̀ wa. Kò sọ, n kò sì bi í. Ìwé rẹ wà nínú ẹrù rẹ̀. Ó ní òun á dá a padà fún ẹni tó ni ín, torí òun ti kà á tán.

Bá mi kí Bàbá ilé, àti àwọn ọmọ, àti oníeyín tuntun yẹn. Àwọn obìnrin iyàrá bọ́tìnnì ní o kú ìrìn, o kú ìyọnu wọn. Mo ṣì ń kàwé fún wọn. Bí ìparí bá burú, mo ń kà á bó ṣe burú, àwọn náà sì ń rán aṣọ wọn lọ.

Ó tó báyìí. Ọmọ náà á ti mu omi rẹ̀ tán. Gbójú sókè, kí o sì bá a sọ̀rọ̀.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò fo ìlà kankan lọ́tẹ̀ yìí,
                                        Tíṣà.