Àdírẹ́sì Tí Mo Kà Síta

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá wa ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bá ẹni tó bá kí wọn lóòró wí. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn, ṣùgbọ́n mo ń mí, ọpẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi nínú. Ó lé lóṣù kan tí o ti ní kí n bá àkọ́bí rẹ wáṣẹ́ níbi tí mo wà, mi ò sì dá ọ lóhùn. Kì í ṣe ìgbéraga. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

O mọ̀ pé àwa méjìdínlógún la jókòó sínú gbọ̀ngàn kan, tí à ń gba ìpè àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan ní òkè òkun. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gba fóònù wa, wọ́n á gba bírò, wọ́n á tú báàgì, wọ́n á sì yẹ ara wa wò bíi pé kọ̀ǹpútà ṣeé fi sábẹ́ ahọ́n. Wọn ò yẹ ẹ̀kọ́ ilé tí a gbé wọlé wò.

Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan pè. Ó ń wúkọ́ gidigidi. Ó ní ọmọ òun obìnrin ti kó kúrò nílé, òun ò mọ ibi tó wà, òun sì fẹ́ rí i kí òun tó kú. Ìbéèrè mẹ́ta la gbọ́dọ̀ bi ẹni tó bá pè, ká tó sọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ oníbàárà fún un. Ó gba méjì, ó kùnà ẹ̀kẹta. Àkọsílẹ̀ pupa sì wà lójú kọ̀ǹpútà mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ àdírẹ́sì obìnrin náà. Bàbá ní, "Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́." Ta ló kọ́ wa pé àgbà kì í bẹ ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì? Ìyá rẹ ni, lórí àpótí nínú kíṣìnnì wọn. Àbí kí ló dé tí wọ́n fi sọ mí ní Gbọ́ràn? Kó tó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ka àdírẹ́sì náà síta. Ikọ́ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní ẹyin lohùn; ilé onílé ni tèmi lọ fọ́ sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, obìnrin náà fúnra rẹ̀ pè, ọwọ́ mi ló sì bọ́ sí. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní òun rí mọ́tò ọkùnrin tí òun sá fún ní ìkángun òpópónà òun, ó wá bi mí bóyá ẹnì kan ti béèrè àdírẹ́sì òun. Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Ká ní mo sọ òótọ́, bóyá ì bá ti sá lọ lọ́jọ́ náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì pa fóònù.

Láti ìgbà náà, mítà rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tí mo bá débi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ń fi iná tí wọ́n ń lò nínú ilé kọ̀ọ̀kan hàn wá, wákàtí sí wákàtí. Tẹ́lẹ̀, tirẹ̀ máa ń ga sókè ní aago mẹ́fà àárọ̀, bí ìgbà téèyàn gbé omi tíì kaná. Lẹ́yìn ìpè yẹn, ó lọ tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá, bíi pé fíríìjì nìkan ló kù nínú ilé. Èmi náà ò gbé omi tíì kaná mọ́ láàárọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣàdédé ga. Ẹnì kan tan iná. Mi ò mọ̀ bóyá obìnrin náà ni, tàbí ọkùnrin yẹn.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní tí wọ́n bá gbọ́ lókè òkun pé àṣírí oníbàárà wọn jò lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwa méjìdínlógún nìyẹn, kí n panu mọ́. Mi ò lè panu mọ́. Lánàá, mo fi fóònù ara mi pe àwọn ọlọ́pàá ìlú obìnrin náà. Wọ́n ní kí n sọ àdírẹ́sì. Mo tún kà á, láìwo ìwé kankan. Wọ́n ní àwọn á lọ wò ó, àwọn á sì pè mí padà.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà má sí mọ́ fún èmi pàápàá. Ṣùgbọ́n tí ọmọ wa bá rí irú rẹ̀ níbòmíràn, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ "rárá" fún àgbà tó ń bẹ̀bẹ̀. Má jẹ́ kí Ìyá wa gbọ́ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Bá mi kí wọn lórí ìkúnlẹ̀, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí láti ìdájí. Kò tíì dún.

                                        Èmi ni tìrẹ, bó ti wù kó rí,
                                        Gbọ́ràn.