Ìrù Tí Fosca Bertolani So Mọ́ Orúkọ Àbúrò Wọn

A bí Màmá wa, Fosca Bertolani, ní oṣù kẹfà ọdún 1936 ní Castagneda, lórí òkè Emilia ní ilẹ̀ Ítálì. Olindo tó ń sun èédú nínú igbó ni baba wọn, Argia ni ìyá wọn. Ọmọ méjì péré ló yè nínú ilé náà: Màmá, àti Delmo àbúrò wọn tí wọ́n pọ̀n dàgbà. "Delmino" ni wọ́n máa ń pè é.

Màmá kàwé ní Bologna, wọ́n sì padà wálé di tíṣà èdè Ítálì ní 1960. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ ò ní gbàgbé: "Ìrù ni agbára ọ̀rọ̀. Gatto, ológbò lásán nìyẹn. Ẹ so -ino mọ́ ọn, ó di gattino tí à ń gbé mọ́ra. Ẹ so -one, ó di gattone, ológbò fìrìgbọ̀n. Ẹ so -accio, ó di gattaccio, ẹran burúkú tí à ń lé síta." Kò sí orúkọ tí kò gba ìrù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, wọ́n ní kí Delmo ṣọ́ iná ahéré tí a ti ń mú kasitáńà gbẹ, èso igbó tí à ń lọ̀ ṣe ìyẹ̀fun. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fi iná yẹn sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, oorun sì gbé e lọ. Ahéré jóná, tòun ti ohun tí ilé ì bá lọ̀ jẹ títí òtútù yóò fi lọ. Ìbínú ru bo Màmá lójú. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo èèyàn, wọ́n nawọ́ sí i: "Ẹ wò ó, Delmaccio tó fẹ́ febi pa wá!" Ẹ̀yin ará Castagneda rẹ́rìn-ín, ẹ sì gba orúkọ náà lẹ́nu wọn. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, Delmo ti bá àwọn awakùsà lọ sí Bẹ́ljíọ̀m. Kò wálé sin baba, kò wálé sin ìyá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Màmá fẹ́ Ivo Zanarini, káfíńtà, ní 1966. Bàbá wa ṣaláìsí ní 2009. Màmá fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì San Biagio, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àdúrà. Ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn ayé wọn, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ láti ilé dé ilé: "Ẹ dákun, ẹ máa pè é ní Delmo." Aldina aládùúgbò dá wọn lóhùn pé, "Tíṣà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa. Ẹnu wa ti mọ́ ọn." Kò sí ẹni tó fi ṣe ìkà. Síbẹ̀, ó dùn wọ́n wọra.

Màmá dákẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Àná ni àbúrò wọn dé, wọn ò bá Màmá láàyè. Bí wọ́n ti wọ ilé kọfí, àgbàlagbà kan fi inú dídùn kí wọn: "Delmaccio, ìwọ rèé? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta." Wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n sì jáde. Ibùdókọ̀ la ti lọ bẹ̀ wọ́n padà.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá ni àwa ọmọ wọn, Mirella àti Tullio, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àti àbúrò wọn kan ṣoṣo, tí wọ́n jókòó síwájú níbí nínú kóòtù aláwọ̀ eérú. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹ ó kí wọn kú ará fẹ́ra kù. A fi òkú yìí bẹ̀ yín: ẹ pè wọ́n ní Delmo, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ síbẹ̀.

Màmá, ẹ sùn. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹ ò bẹ̀ tán, a ti gbà á lọ́wọ́ yín. Kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún yín o.