Tíì Tí Kò Ní Ṣúgà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí Bàbá, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ìbejì tó ń da ilé rú. Ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́? Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sílé búrẹ́dì, ìyá rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n, ìtìjú fẹ́ pa mí. Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ adójútòfò ìlera, àwọn tí yóò máa bá wa san owó oògùn. Akọ̀wé bi mí pé, "Ṣé ẹ ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀?" Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ọkọ mi jókòó tì mí, bẹ́ẹ̀ èmi àtẹ̀yin nìkan la mọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà mi. Bí mo ṣe ń wá bírò nínú báàgì ni páálí oògùn jábọ́.

Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mú un, ó ní: "Tèmi ni."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Kò sí ìtìjú níbẹ̀, màmá. Àìsàn ò ní ká má gbà yín. Irọ́ nìkan la ò fẹ́."

Bí wọ́n ṣe kọ ìtọ̀ ṣúgà sórúkọ obìnrin tí ẹ̀fọ́rí kì í ṣe nìyẹn. Nígbà tá a délé, ọkọ mi kó gbogbo ṣúgà dànù. Màmá ò bá mi wí, kò tiẹ̀ bi mí léèrè.

Lọ́la ni n ó jẹ́wọ́ fọ́kọ mi, kí n tó padà sọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ fàdúrà tì mí lẹ́yìn. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ Bàbá á mókun.

Màmá ń mu tíì lọ́wọ́ báyìí, ẹni tó fẹ́ràn ṣúgà bí ọmọdé. Ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro díẹ̀, ó wá sọ fọ́mọ rẹ̀ pé ó dùn.

Àbúrò yín